Ẹ Yan Ọkọ̀ Kan: Bí A Ṣe Ń Wo Eré Ìje Ọkọ̀ Àtijọ́ Oníjókòó Kan

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wo eré ìje ọkọ̀ àtijọ́, ohun tí màá kọ́kọ́ ní kí ẹ gbé kúrò lọ́kàn ni ta ló gbapò kìíní. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Eré ìje ni, gbogbo wa la sì fẹ́ mọ ẹni tó borí. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ ló sábà máa ń wà á fúnra rẹ̀, tàbí kó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Ọ̀kan á máa sáré bí ẹni tí kò ní í lò ó mọ́ lọ́la. Èkejì á máa rọra, kó má baà fọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò sí ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀ mọ́ láyé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá ṣe ipò kìíní, kò sọ ohun púpọ̀ fún yín.

Ìjàkadì ènìyàn àti irin ni kí ẹ lọ wò. Bí mo ṣe ń ṣe é kò le rárá: mo máa ń yan ọkọ̀ kan ṣoṣo láàárọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, màá sì tọpa rẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Mo máa ń mọ bó ṣe jí, bó ṣe sáré, àti ohun tó ṣe é lẹ́yìn eré. Ìgbà tí mo bá gbìyànjú láti wo gbogbo wọn, n kì í rí ìkankan.

Ọkọ̀ oníjókòó kan ló dára jù fún irú ìran yìí. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní gbangba. Ẹ ó rí ọwọ́ awakọ̀ lórí sítíárìn. Ẹ ó rí àwọn irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sókè sódò. Mẹkáníìkì ni mí. Ọkọ̀ tí wọ́n fi páànù bo gbogbo ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí n rí nǹkan kan.

Ibi tí ẹ lè lọ

Bó bá jẹ́ ibì kan péré lẹ lè lọ, ẹ lọ sí Goodwood, lẹ́bàá ìlú Chichester ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títì tó yí pápákọ̀ òfurufú ológun ká nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n sọ di ọ̀nà eré ìje, wọ́n sì ṣí i nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948. Ní 1966, wọ́n dá eré ìje dúró níbẹ̀. Nígbà tó di 1998, tí ó pé àádọ́ta ọdún géérégé tí wọ́n ti ṣí i, wọ́n tún un ṣe padà sí bó ṣe wà láyé ìgbà náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Goodwood Revival. Oṣù Kẹsàn-án ló máa ń bọ́ sí. Ọkọ̀ ọdún 1957 tí ẹ bá rí níbẹ̀, irú ọ̀nà tó mọ̀ nígbà èwe rẹ̀ náà ló ń gbà, bíi kìlómítà 3.8 ní ìyípo kan.

Ní Revival, àwọn òǹwòran náà máa ń múra bí ará ayé ọdún 1940 sí 1969. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Ẹ ka ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí pé pádọ́ọ̀kì, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ jọ sí tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́, ní òfin ìwọlé tirẹ̀. Bí ẹ bá lè mú ọjọ́, ẹ mú ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ ìdánrawò ni, èrò kò pọ̀ tó ti Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ ó sì ráyè dúró síbi tó wù yín.

Bí owó ibẹ̀ bá wọ́n yín lójú, ẹ wá eré ìje àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. VSCC (Vintage Sports-Car Club), ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, ló ń kó àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ jù jáde. HSCC (Historic Sports Car Club) ń bójú tó èyí tí ìgbà wọn tún sún mọ́ tiwa díẹ̀. Níbi eré ìje wọn, tíkẹ́ẹ̀tì lásán sábà máa ń gbé yín dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gan-an. Kò sí ẹni tó máa bi yín léèrè aṣọ. Èmi gan-an gbádùn ibẹ̀ ju ibi tí àwọn èèyàn ńláńlá ń lọ.

Silverstone fẹ̀. Òun ni wọ́n ti sáré àkọ́kọ́ nínú ìdíje àgbáyé Formula One ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1950, tí awakọ̀ Farina, ará Ítálì, fi Alfa Romeo borí. Àmọ́ ọkọ̀ ọdún 1950 máa ń rí kékeré lórí ọ̀nà gbàràmù tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ sì máa ń jìnnà sí i. Ọkọ̀ ọdún 1970 sókè ni kí ẹ lọ wò níbẹ̀, àwọn tó ní ìyẹ́ (pátákó tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀) àti táyà gbẹ̀ǹgbẹ̀. Monaco ní tirẹ̀ máa ń ṣe ti ọkọ̀ àtijọ́ ní ọdún méjì méjì, láàárín ilé àti irin ẹ̀bá ọ̀nà. Ìran ńlá ni, ṣùgbọ́n owó ibi tí ẹ máa sùn nìkan tó láti mú yín wo íntánẹ́ẹ̀tì dípò rẹ̀.

Ẹ mọ ọjọ́ orí ọkọ̀ kí ẹ tó yàn

Ẹ ra ìwé ètò. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, irú ọkọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ fi bírò sàmì sí èyí tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ojú náà lè kọ́ láti mọ ọjọ́ orí láìwo ìwé, bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa wò.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì wà níwájú awakọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá wà níwájú, tí awakọ̀ jókòó gogoro tí ìgúnpá rẹ̀ sì yọ síta, ọkọ̀ tó ṣáájú 1961 ni. Lára wọn ni ERA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọdún 1930 sí 1939, Alfa Romeo 158, Maserati 250F, àti Vanwall tó gba ife àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní 1958, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ife náà sílẹ̀. Cooper ló da ayé rú. Ọkọ̀ kékeré ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, àwọn ńlá sì ń fi í ṣẹ̀sín. Ní oṣù Kìíní ọdún 1958, Stirling Moss fi í borí ní Argentina. Jack Brabham fi í gba ife àgbáyé ní 1959, ó tún gbà á ní 1960. Láàárín ọdún mẹ́ta péré, ẹni tó ṣì ń gbé ẹ́ńjìnnì síwájú ti di ẹni ẹ̀yìn.

Láti 1961 dé 1965, òfin ní kí ẹ́ńjìnnì má kọjá lítà 1.5. Àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi sìgá, awakọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sínú wọn. Lotus 25 ti ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn: dípò kí Colin Chapman, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Lotus, fi ọ̀pá irin ṣe egungun ọkọ̀, ó fi páànù ṣe é bí àpótí, ara ọkọ̀ di egungun ara rẹ̀. Jim Clark fi í gba ife ní 1963. Mo fẹ́ràn àwọn wọ̀nyí jù. Agbára wọn kò pọ̀, nítorí náà awakọ̀ tó bá ṣe àṣejù ní kọ́nà kan kò ní agbára tí yóò fi dá àkókò tó sọ nù padà.

Bí ẹ bá rí ìyẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀, 1968 sókè ni. Bí táyà kò bá ní ilà lára, tó ń dán gbinrin, 1971 sókè ni. Bí ara ọkọ̀ bá fẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì rí bí àpótí ńlá tó rọ̀ sílẹ̀, ẹ máa ronú nípa Lotus 78 àti 79 ní 1977 àti 1978. Abẹ́ wọn ni wọ́n gbẹ́ bí ìyẹ́ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń fa ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Tí Tyrrell P34 ti ọdún 1976 bá wá, èyí tó ní táyà mẹ́fà, kékeré mẹ́rin níwájú, ẹ fi ọkọ̀ tí ẹ yàn sílẹ̀, ẹ sáré lọ wò ó. Kò sí ìjókòó nínú ọ̀rọ̀ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí àwọn olówó ọkọ̀ kì í fẹ́ gbọ́: èwo ni ojúlówó, èwo ni àdàkọ? Òfin FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, fún ọkọ̀ àtijọ́, Appendix K, ní kí ọkọ̀ rí bó ṣe rí nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè tún ọkọ̀ ṣe títí tó fi jẹ́ pé bóòtù irin àtijọ́ díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má bi ẹni tó ni ín.

Àárọ̀ nínú pádọ́ọ̀kì

Ẹ tètè dé, kí àwọn mẹkáníìkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ọkọ̀. Ibí ni ìmọ̀ pọ̀ sí jù, àwọn èèyàn ló kàn ń kọjá lọ lójú ọ̀nà láti wá ìjókòó.

Ẹ wá Maserati 250F kan, kí ẹ dúró tì í. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 ni, sìlíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, púlọ́ọ̀gì méjì sì wà fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn méjìlá. Mẹkáníìkì á kọ́kọ́ fi púlọ́ọ̀gì tó rọrùn láti gbóná sí i, nítorí pé púlọ́ọ̀gì eré ìje kì í gbóná tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, á sì rì sínú epo. Wọ́n á ti ọkọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹ̀rọ tó lè jí wọn fúnra wọn. Ẹ́ńjìnnì á kọ̀, á wúkọ́, á wá dún gbàà. Mẹkáníìkì á máa tẹ epo díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lára aago tó ń wọn gbígbóná ọ́ìlì, etí rẹ̀ á wà lára ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó bá gbóná tán, á pa á, á mú sípánà, á yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjìlá tó ṣì ń jóni lọ́wọ́, á sì fi ti eré ìje sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi ìka yí wọn wọlé kó tó fi sípánà mú wọn, kó má baà ba ilà tó wà nínú ihò jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe á rò pé ọkọ̀ ti bàjẹ́.

Nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, ẹ bẹjú wo ibi ẹsẹ̀ awakọ̀. Lára 250F, ibi tí wọ́n ti ń tẹ epo wà láàárín, bíréèkì sì wà lọ́tùn-ún. Ẹ ronú ohun tí ẹsẹ̀ yín máa ṣe bí ọmọdé bá ṣàdédé já sójú ọ̀nà.

Nídìí ọkọ̀ tó ń lo Cosworth DFV, ẹ ó rí ohun mìíràn. Ẹ́ńjìnnì yìí, V8 (onísìlíńdà mẹ́jọ) lítà 3, ni Jim Clark fi borí nínú Lotus 49 ní Zandvoort ní ilẹ̀ Netherlands ní oṣù Kẹfà ọdún 1967, ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde gan-an. Ó borí nínú Grand Prix (eré ìje ìdíje àgbáyé) 155 kí ìgbà rẹ̀ tó parí. Wọ́n sábà máa ń mú omi àti ọ́ìlì rẹ̀ gbóná láti ìta kí wọ́n tó jí i. Tó bá jí, kò ní dúró jẹ́jẹ́. Á máa ké gbà-gbà-gbà, ara á máa gbọ̀n, àfi kí wọ́n máa tẹ epo fún un.

Òfin pádọ́ọ̀kì kò pọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ má dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń jí. Nígbà tí mẹkáníìkì bá ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó parí, kó nu ọwọ́, kí ẹ tó kí i. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè tó fi hàn pé ẹ ti ń wo iṣẹ́ rẹ̀, á sọ fún yín dé ibi tí ẹ kò rò. Ojú yín lè máa ta yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ERA: ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń ṣe epo ló fà á, ẹ sún díẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Ibi tí ẹ máa dúró, àti ohun tí ẹ máa wò

Ẹ má lọ síbi títì tó tọ́. Ọkọ̀ á kàn kọjá fìrì, ó tán. Kọ́nà ni kí ẹ wá, pàápàá kọ́nà tí ẹ ti lè rí ọkọ̀ látìgbà tó ń tẹ bíréèkì títí dìgbà tó ń jáde.

Ní Goodwood, St Mary's ni mo ń lọ. Ọkọ̀ á ti ibi gíga sọ̀ kalẹ̀, á sì yí sósì nígbà tí ìwúwo rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni Stirling Moss ti fi Lotus lu òkìtì ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 1962, tí iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà awakọ̀ Formula One sì parí síbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti ń dẹ́rù bani ni. Bí ẹ bá fẹ́ rí bíréèkì, ẹ lọ sí Woodcote àti ibi títì tó ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tó dé ìlà òpin.

Ẹ wá ọkọ̀ tí ẹ yàn, kí ẹ sì wo táyà iwájú rẹ̀. Mo mú àbúrò mi obìnrin dání lọ síbẹ̀, ERA kan ló sì yàn, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi fà mí lápá.

"Bọ̀dá mi, kọ́nà ń lọ sósì, kí ló dé tó ń yí táyà sọ́tùn-ún?"

"Ìdí ọkọ̀ ló fẹ́ ṣíwájú orí, ló ṣe ń dá a padà."

"Ṣé kò ní ṣubú?"

"Má wo ọkọ̀. Wo ọwọ́ ẹ̀."

Látìgbà yẹn kò bi mí léèrè ẹni tó wà níwájú mọ́. Ohun tó rí gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọkọ̀ àtijọ́: táyà wọn tẹ́ẹ́rẹ́, kò di ilẹ̀ mú pinpin, nítorí náà awakọ̀ á jẹ́ kí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì máa fi epo àti sítíárìn darí ìyọ̀ náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kì í yára. Díẹ̀ ló ń yí, lemọ́lemọ́. Ẹni tó ń já sítíárìn gbà síhìn-ín sọ́hùn-ún ni ẹ̀rù ń bà.

Lára ERA, ẹ tún wo ọwọ́ tó ń mú gíá. Gíá rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń yàn ṣáájú: awakọ̀ á ti ti ọ̀pá sí gíá tó fẹ́ kó tó dé kọ́nà, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀ títí tó máa fi fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dáàlì. Ẹ ó rí ọwọ́ tó ṣiṣẹ́, ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà. Ó di ẹ̀yìn ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ohùn yí lójijì. Ẹ ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó ṣe é.

Tí eré bá ti ń lọ sópin, ẹ wo ibi tó ti ń tẹ bíréèkì. Bíréèkì onílù (tí irin rẹ̀ rí bí ìlù) tó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọdún 1950 sí 1959 máa ń gbóná títí tí kò fi ní dá ọkọ̀ dúró bó ṣe yẹ. Ẹ yan òpó kan tàbí igi kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, kí ẹ fi ṣe àmì. Bí ó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ kó tó dé ibi àmì yín, bíréèkì ti ń rẹ̀ ẹ́. Bí orí ọkọ̀ bá sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìlù kan ti gbóná ju èkejì lọ.

Tí òjò bá rọ̀, ẹ má sá o. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹni tó mọ ọkọ̀ wà máa ń fara hàn, nítorí pé agbára ẹ́ńjìnnì kò wúlò mọ́. Mo ti rí ọkọ̀ lítà 1.5 tó ń lé ọkọ̀ tó lágbára jù ú lọ nínú omi, tó sì bá a. Ẹ mú aṣọ òjò àti bàtà tó ń gba ẹrẹ̀. Ẹ mú awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni pẹ̀lú.

Àsíá: yẹ́lò túmọ̀ sí ewu níwájú, kí ẹnikẹ́ni má yà ẹlòmíràn sílẹ̀, pupa ni pé eré ti dúró. Ìwọ̀nyí tó.

Etí yín

Ẹ fi ohun ìdí etí sí i, ẹ fi sí etí ọmọdé tẹ́ ẹ bá mú dání. Ẹ lè yọ tiyín fún ìṣẹ́jú kan láti gbọ́ ọkọ̀ tí ẹ yàn, kí ẹ sì dá a padà.

Bí ẹ bá ti gbọ́ wọn díẹ̀, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì Climax oní-sìlíńdà mẹ́rin tó wà nínú Cooper máa ń dún gbrùùù, ohùn tó nípọn. Mẹ́fà ti Maserati mọ́ ju ìyẹn lọ. DFV á hó ràn-ìn-ràn-ìn nísàlẹ̀, á sì là gaara bó bá ti gòkè. BRM V16, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọba gbogbo wọn: lítà 1.5 péré tí wọ́n pín fún sìlíńdà 16, tí ìkankan kò tó 100 cc, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tì afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ó lè yí dé ẹgbẹ̀rún 12 ní ìṣẹ́jú kan. Eyín ni èèyàn fi ń gbọ́ ọ. Ó ṣòro láti mú un sáré, ó sì máa ń bàjẹ́ nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ jí i, ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀.

Lẹ́yìn eré

Àwọn èèyàn á máa wo ẹni tó ń gba ife. Ẹ padà sí pádọ́ọ̀kì. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín bóyá ọ́ìlì ń kán. Ẹ wo táyà: bó bá jẹ́ etí ìta táyà iwájú nìkan ló jẹ, orí ọkọ̀ ló ń yọ̀ jáde ní gbogbo kọ́nà, awakọ̀ sì ti ń fi ipá yí i. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ló jẹ jù, epo ló ń tẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Bí mẹkáníìkì bá yọ púlọ́ọ̀gì kan, ẹ béèrè bóyá ẹ lè rí i. Lára ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ búráùn bíi ti tíì, epo àti afẹ́fẹ́ wọ̀n dáadáa. Bó bá dúdú tó ní èéfín, epo ti pọ̀ jù. Bó bá funfun, epo kò tó, ẹ́ńjìnnì sì ti ń gbóná ju bó ti yẹ. Ìyẹn ló máa ń jó orí písítìnì lu. Ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ yí padà nínú kábúrétọ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ sì béèrè aago tí ọkọ̀ náà máa jáde lọ́la.